Wọ́n gé ìfun rẹ̀ nígbà kan, wọ́n tún wá yọ àpò òróòro: kí ló dé tí ìgbẹ́ kò dúró?

Ìyá Ìbejì:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa ìlera. Ọ̀rọ̀ àbúrò mi ọkùnrin ni. Ẹni ọdún 34 ni, SS (sickle cell) ni. Nígbà tó wà ní ọdún 19, taifọ́ìdì dá ìfun rẹ̀ lu. Wọ́n la ikùn rẹ̀, wọ́n gé lára ìfun náà, wọ́n so ó pọ̀, ara rẹ̀ sì dá. Oṣù 7 sẹ́yìn ni wọ́n rí òkúta nínú òróòro rẹ̀, wọ́n sì yọ àpò òróòro náà kúrò. Láti ìgbà yẹn, ìgbà 6 sí 7 ló ń yàgbẹ́ lójúmọ́. Omi lásán ni, ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ó sì ń ta á ní ìdí bí ata. Kó tó fọwọ́ oúnjẹ tán ló ti ń sáré. Kílò 71 ló wà tẹ́lẹ̀, ó ti di 62.

Ẹni tó ń ta oògùn ládùúgbò ní taifọ́ìdì ló padà, ó ti fún un ní oògùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Màmá wa ní àgbo jẹ̀díjẹ̀dí ni yóò fọ inú rẹ̀ mọ́. Ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́ ní ẹni tí kò ní òróòro kò gbọdọ̀ fẹnu kan epo mọ́ láyé. Ta ni ká gbọ́ tirẹ̀?

* * *

Nọ́ọ̀sì Tíátà:

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú "kò ní òróòro" yẹn. Ẹni tó bá ti kun adìẹ rí mọ àpò kékeré aláwọ̀ ewé tó lẹ̀ mọ́ ẹ̀dọ̀, èyí tí a máa ń rọra yọ kó má baà bẹ́ kó sọ ẹran di kíkorò. Irú àpò yẹn ni wọ́n yọ lára àbúrò yín. Ibi ìpamọ́ lásán ni, òun kọ́ ló ń ṣe òróòro. Ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe é, tó ìdajì lítà sí lítà 1 lójúmọ́, bẹ́ẹ̀ àpò náà kì í gbà ju mílílítà 30 sí 50 lọ. Òróòro ṣì wà lára rẹ̀ dáadáa. Ohun tó yí padà ni pé kò ríbi dúró de oúnjẹ mọ́, ó ń kán sínú ìfun tọ̀sán-tòru.

(Ẹ sì jọ̀ọ́, òróró tí a fi ń dín àkàrà yàtọ̀ sí òróòro tó ń korò. Ìdajì àríyànjiyàn tí mò ń gbọ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí, ẹnì kan ń sọ ọ̀kan, ẹnì kejì ń gbọ́ èkejì.)

* * *

Bàbá Gẹ̀dú:

Mo mọ ẹni mẹ́ta tí wọ́n yọ ọ́ fún. Wọ́n ń jẹ ẹ̀fọ́ rírò, wọ́n ń jẹ dùndún, ìgbẹ́ wọn kò sì yí padà. Mo rò pé ẹ̀rù ló ń ba ọmọkùnrin yẹn.

* * *

Nọ́ọ̀sì Tíátà:

Ìfun àwọn mẹ́ta yẹn pé ni, Bàbá. Ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà.

Èròjà kan wà nínú òróòro tó ń tú ọ̀rá. Ara kì í fi í ṣòfò. Ìpẹ̀kun ìfun kékeré, níbi tó ti fẹ́ wọ inú ìfun ńlá, ló ń fa nǹkan bíi 95 nínú 100 rẹ̀ padà sínú ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ á gbé e padà fún ẹ̀dọ̀, ẹ̀dọ̀ á tún tú u jáde, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa yípo ní ọ̀pọ̀ ìgbà lóòjọ́. Ìpẹ̀kun ìfun kékeré yìí kan náà ni taifọ́ìdì sábà máa ń dá lu. Kì í ṣe lásán ni àwọn àgbà ń pè é ní ibà jẹfunjẹfun. Nítorí náà, ẹni tí wọ́n bá gé ìfun fún nítorí taifọ́ìdì, ibi tó ń fa òróòro padà ni wọ́n sábà gé.

Èyí tí ìfun kò bá rí fà padà ń ṣàn lọ sínú ìfun ńlá. Ìfun ńlá kò fẹ́ ẹ rárá: yóò tú omi sí i, yóò sì tì í jáde kíákíá. Ìyẹn ni ìgbẹ́ omi tó pọ́n, tó ń ta bí ata, tó ń lé èèyàn lẹ́yìn oúnjẹ. Nígbà tí àpò òróòro ṣì wà, ó ń ká òróòro mọ́ra, ó ń tú u sílẹ̀ lásìkò oúnjẹ, ìfun tó ṣẹ́kù sì ń rọ́gbọ́n dá sí i. Wọ́n wá yọ àpò, kò sí ohun tó ń dá omi dúró mọ́.

Àwọn iṣẹ́ abẹ méjèèjì kì í ṣe àjèjì síra wọn o. Bí ìpẹ̀kun ìfun bá ti kúrò, òróòro a máa tètè di òkúta. SS náà ń fọ́ ẹ̀jẹ̀ pupa, èròjà pípọ́n tó ń tinú ẹ̀jẹ̀ fífọ́ jáde sì ń di òkúta. Ọ̀nà méjì ni òkúta gbà wọlé tọ̀ ọ́.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe kí ẹ tó ra oògùn kankan: ẹ lọ sí ọsibítù tó ṣe iṣẹ́ abẹ àkọ́kọ́, kí ẹ béèrè ìwé tí dókítà kọ lẹ́yìn iṣẹ́ náà. Sẹ̀ǹtímítà mélòó ni wọ́n gé? Apá ibo? Ṣé ilẹ̀kùn tó wà láàárín ìfun kékeré àti ìfun ńlá ṣì wà? Mélòó ló ṣẹ́kù? Bí wọ́n bá kàn rán ihò náà pa láìgé nǹkan kan, tàbí tó jẹ́ pé ìfun ńlá ni wọ́n gé, ọ̀rọ̀ mìíràn pátápátá nìyẹn.

* * *

Apòògùn:

Ẹ jẹ́ kí n bá ẹni tó ń ta oògùn yẹn jà díẹ̀. Àyẹ̀wò Widal tí wọ́n fi ń sọ pé "taifọ́ìdì ló padà" kì í wá kòkòrò náà rárá. Ohun ìjà tí ara kó jọ dè é ló ń wò. Ẹni tó ti ní taifọ́ìdì rí lè máa gbé ohun ìjà yẹn kiri fún ìgbà pípẹ́, àìsàn mìíràn náà sì lè mú kí àyẹ̀wò yẹn sọ pé ó wà. Tí wọ́n bá fẹ́ mọ òótọ́, ẹ̀jẹ̀ tàbí ìgbẹ́ ni wọ́n máa fi hu kòkòrò náà ní yàrá àyẹ̀wò, ó sì ń gba ọjọ́ mélòó kan. Ìgbẹ́ oṣù 7, láìsí ibà, tó ń tẹ̀lé oúnjẹ bí òjìji? Kò jọ taifọ́ìdì.

Lóòótọ́, kòkòrò taifọ́ìdì a máa fi àpò òróòro ṣe ilé, òkúta sì ni ibi ìsápamọ́ tó fẹ́ràn jù. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbé e kiri báyìí, ara rẹ̀ sábà máa ń le. Ẹlòmíràn ló ń kó o ràn.

Oògùn taifọ́ìdì lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárín oṣù 7 náà ní wàhálà tirẹ̀. Ó ń pa àwọn kòkòrò rere inú ìfun, ó sì ń fàyè gba èyí tí wọ́n ń pè ní C. difficile, tí òun alára ń fa ìgbẹ́ gbuuru. Kí wọ́n yẹ ìgbẹ́ rẹ̀ wò fún ìyẹn pẹ̀lú. Bí ibà bá sì mú ẹni tó jẹ́ SS, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù oògùn. Ọsibítù ni, lọ́jọ́ náà gan-an.

Ti àgbo jẹ̀díjẹ̀dí, ẹ bá wa bẹ Màmá. Iṣẹ́ àgbo yẹn ni láti múni yàgbẹ́. Ẹni tó ń yà á nígbà 7 kò wá èyí tí yóò mú un dé 10.

* * *

Ìyá Ìbejì:

Ẹ ṣeun gan-an. Kí wá ni oògùn rẹ̀?

* * *

Apòògùn:

Cholestyramine. Ìyẹ̀fun ni, inú ọ̀rá kéékèèké (sáṣẹ́ẹ̀tì) ni wọ́n ń dì í sí, gíráàmù 4 ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kì í wọ ẹ̀jẹ̀. Inú ìfun ló ti ń di èròjà òróòro mú, tí àwọn méjèèjì á jọ bá ìgbẹ́ jáde. Ọ̀rá 1 lójúmọ́ ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, dókítà lè fi ọ̀kan kún un lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀ títí ìgbẹ́ yóò fi dì. Ẹ pò ó mọ́ omi bíi mílílítà 150, ẹ jẹ́ kó rin díẹ̀, ẹ rò ó, kó mu ún, kí ẹ tún fi omi ṣan ife kó mu ìyẹn náà. Kò gbọ́dọ̀ dà á sẹ́nu ní gbígbẹ, ó lè há a lọ́fun.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe nìyí: oògùn yìí kò mọ òróòro yàtọ̀ sí oògùn mìíràn. Ọ̀pọ̀ ohun tó bá bá pàdé ló ń dì mú. Folic acid tí àbúrò yín ń lò nítorí SS wà lára rẹ̀. Nítorí náà, oògùn tó kù gbọ́dọ̀ ṣáájú rẹ̀ pẹ̀lú wákàtí 1 ó kéré tán, tàbí kó tẹ̀lé e lẹ́yìn wákàtí 4 sí 6. Kó lo ti SS ní aago 6 àárọ̀, kó mu cholestyramine ní aago 8 pẹ̀lú oúnjẹ, ó parí.

Àṣìṣe kejì: inú á kọ́kọ́ wú, ìgbẹ́ á le jù, wọ́n á jù ú nù. Ẹ dín in kù, ẹ má jù ú nù. Bó bá pẹ́ lórí rẹ̀, ó lè mú kí fítámì A, D, E àti K dín lára. Bí èrìgì bá ń ṣẹ̀jẹ̀, tàbí ara ń ṣèéṣe láìnídìí, fítámì K ni kí dókítà fura sí.

Kì í ṣe gbogbo ilé oògùn ló ń tà á, ẹ ó wá a dáadáa. Colesevelam tó jẹ́ oníhóró, mílígíráàmù 625, rọrùn láti lò jù ú lọ, àpò owó ló máa sunkún.

* * *

Bàbá Gẹ̀dú:

Ṣé wọn kò ní ṣe àyẹ̀wò kí wọ́n tó kó oògùn fún un ni? Ẹ̀yin kan náà lẹ ń bá ẹni tó ń ta oògùn jà lẹ́ẹ̀kan.

* * *

Apòògùn:

Ẹ bi mí dáadáa. Ní Britain, wọ́n ní àyẹ̀wò kan tó ń jẹ́ SeHCAT: aláìsàn á gbé kápúsù kan mì tí èròjà tó jọ ti òróòro wà nínú rẹ̀, wọ́n á fi ẹ̀rọ wo iye èròjà náà tó ṣẹ́kù lára rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ 7. Bí ohun tó ṣẹ́kù kò bá tó ìdá 15 nínú 100, òróòro ló ń bá ìgbẹ́ lọ. Amẹ́ríkà pàápàá kò fọwọ́ sí i fún lílò. Níbi tí kò bá sí, oògùn yìí ni dókítà ń fi dán an wò. Ẹni tó gé ìpẹ̀kun ìfun, tí ìgbẹ́ rẹ̀ rí báyìí, tó wá dì lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan tó lo oògùn náà, a ti mọ̀dí rẹ̀.

Ìyàtọ̀ pàtàkì kan wà tí mi ò gbọdọ̀ fò. Bí ohun tí wọ́n gé bá ju sẹ̀ǹtímítà 100 lọ, ẹ̀dọ̀ kì í lè ṣe òróòro tó láti dí èyí tó ń ṣòfò. Ìgbẹ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í ṣe omi pípọ́n: ó funfun, ó pọ̀, ó ń yọ̀ bí epo, ó ń léfòó, òórùn rẹ̀ kì í tán nílé. Cholestyramine lè sọ tirẹ̀ di burúkú sí i, nítorí ìwọ̀nba òróòro tó kù ló tún ń kó lọ. Oúnjẹ ni wọ́n fi ń tọ́jú ìyẹn. Ẹ rí ìdí tí Nọ́ọ̀sì fi ní kí ẹ wá ìwé yẹn.

Loperamide tó ń dá ìgbẹ́ gbuuru dúró ńkọ́? Ó dára fún ọjọ́ ìrìn àjò: hóró mílígíráàmù 2 ní ìṣẹ́jú 30 ṣáájú oúnjẹ. Kò gbọdọ̀ kọjá mílígíráàmù 16 lóòjọ́ láé, àpọ̀jù rẹ̀ ń ba lílù ọkàn jẹ́. Kó má sì lò ó bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́ tàbí bí ibà bá wà.

* * *

Olóúnjẹ Ọsibítù:

Ọ̀rọ̀ epo kàn mí báyìí. "Kò gbọdọ̀ fẹnu kan epo" ni ìmọ̀ràn tó ń gbé kílò lọ jù. Ọkùnrin tó ti sọ kílò 9 nù, tí wọ́n tún gba epo lẹ́nu rẹ̀, kí ni yóò fi sanra? Òróòro rẹ̀ ń kán díẹ̀díẹ̀. Oúnjẹ rẹ̀ náà ni kó máa wọlé díẹ̀díẹ̀. Kó jẹun lẹ́ẹ̀marùn-ún tàbí mẹ́fà lójúmọ́, kí àwo má kún.

Ẹ fi síbí ìjẹun wọn epo, ẹ má dà á láti inú kẹ́ẹ̀gì. Síbí 1, pupa ni o, funfun ni o, tó gíráàmù 14 ọ̀rá. Bí dókítà bá ní kó dín ọ̀rá kù, nǹkan bíi gíráàmù 40 lóòjọ́ ni wọ́n sábà ń sọ, ìyẹn ò sì tó síbí 3, pẹ̀lú èyí tó wà nínú ẹran àti ẹja. Ibẹ̀ ni a ti ń gbàgbé. Ẹ̀gúsí, ìdajì rẹ̀ ni ọ̀rá. Ẹ̀pà náà bẹ́ẹ̀. Ẹja Títù lọ́ràá, pánlá kò lọ́ràá. Ẹ bó awọ adìẹ kúrò. Mọ́ínmọ́ín dára ju àkàrà lọ, ẹ̀wà kan náà ni, ọ̀kan rì sínú òróró, èkejì kò rì. Ẹ̀wà àgànyìn tí epo borí rẹ̀, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Àmàlà pẹ̀lú gbẹ̀gìrì, ẹ̀kọ, ìrẹsì, iṣu sísè, ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísè, kò sí ìjà nínú wọn.

Wọ́n á ní ewédú àti ilá ń yọ̀, pé yóò mú ìgbẹ́ yọ̀. Yíyọ̀ ẹnu kì í ṣe yíyọ̀ ìdí. Ohun tó ń fà nínú wọn ń gba omi mọ́ra, ó lè mú kí ìgbẹ́ ki díẹ̀. Kó dán an wò fún ọjọ́ 3, kó sì kọ ohun tó rí sílẹ̀.

Ẹnì kan á dé láìpẹ́ yìí láti sọ pé òróró àgbọn kò nílò òróòro. Irú ọ̀rá kan wà lóòótọ́ tí ara lè fà láìsí òróòro, MCT ni wọ́n ń pè é, wọ́n sì ń tà á nínú ìgò. Díẹ̀ ni irú rẹ̀ nínú òróró àgbọn. Èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ kì í ṣe irú rẹ̀ gan-an. Ẹ kà á mọ́ epo yòókù.

Ohun tí kì í ṣe epo, tí wọn kì í sì í fura sí: mọ́ọ̀tì, mínírà, júùsì. Ṣúgà tó pọ̀ ń fa omi wọnú ìfun. Mílíìkì náà, ọ̀pọ̀ àgbàlagbà wa ni kì í bá lára mu. Kó fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 2, kó wò ó.

Omi ara rẹ̀ ni mò ń bẹ̀rù jù, nítorí òùngbẹ ara lè fa kúráísísì (ìrora líle) fún SS. Ẹ po ORS, ìyẹ̀fun iyọ̀ àti ṣúgà tó ń dá omi padà sára, sáṣẹ́ẹ̀tì 1 sínú lítà 1 omi. Bí kò bá sí, síbí tíì 6 ṣúgà àti ìdajì síbí tíì iyọ̀, kí síbí náà tẹ́jú, sínú lítà 1 omi tó mọ́. Iyọ̀ tó bá pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ léwu.

* * *

Ìyá Ìbejì:

Mo ti rí ìwé náà! Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìfun kékeré ni wọ́n gé, sẹ̀ǹtímítà 55 ní ìpẹ̀kun rẹ̀, pẹ̀lú ilẹ̀kùn yẹn àti ìbẹ̀rẹ̀ ìfun ńlá. Àbúrò mi tún sọ ohun tí kò sọ tẹ́lẹ̀: ẹsẹ̀ rẹ̀ ń jó o bí iná lálẹ́, ìka rẹ̀ ń ṣe jìnnìjìnnì. Ó rò pé SS ni.

* * *

Nọ́ọ̀sì Tíátà:

Sẹ̀ǹtímítà 55 kò tó 100, nítorí náà ohun tí Apòògùn sọ nípa cholestyramine bá a mu, kí ẹ gbé e lọ bá dókítà. Ilẹ̀kùn tó lọ ṣàlàyé ìdí tí oúnjẹ fi ń sáré kọjá. Ó tún lè jẹ́ kí kòkòrò ìfun ńlá gun òkè wá sí ìfun kékeré: bí inú rẹ̀ bá ń wú, tó ń rá gbìrìgbìrì, tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ ń rùn kọjá ààlà, kó sọ ìyẹn fún dókítà, ó ní ìtọ́jú tirẹ̀.

Ti ẹsẹ̀ jíjó kì í ṣe ohun tí a ó fi ṣeré. Ìpẹ̀kun ìfun yẹn nìkan ló ń fa fítámì B12 wọ ara. Ẹ̀dọ̀ a máa tọ́jú B12 pamọ́ fún ọdún mélòó kan, ọdún 15 sì ti kọjá. Ẹ gbọ́ èyí dáadáa: folic acid tó ń lò lójoojúmọ́ lè tún ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣe, kí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ dà bíi pé kò sí nǹkan, nígbà tí àìsí B12 ń ba iṣan ìmọ̀lára rẹ̀ jẹ́ lábẹ́. Bó bá pẹ́ jù, ìbàjẹ́ yẹn lè má sàn tán. Kí ó má dá folic acid dúró o, kí wọ́n yẹ B12 rẹ̀ wò lọ́sẹ̀ yìí. Hóró fítámì B-complex olówó pọ́ọ́kú kò tó. Abẹ́rẹ́ hydroxocobalamin mílígíráàmù 1 ni wọ́n sábà ń lò: wọ́n á gún un léraléra níbẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà lóṣù méjì-méjì tàbí mẹ́ta-mẹ́ta, títí ayé.

* * *

Olóúnjẹ Ọsibítù:

Ìfun ńlá tó ṣẹ́kù yẹn mú ohun kan wá sí mi lọ́kàn. Ọ̀rá tí ara kò rí fà ń di káṣíọ́mù mú nínú ìfun. Oxalate, èròjà kan tó wà nínú ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ àti ẹ̀pà, tó yẹ kí káṣíọ́mù dì mú, wá ń ráyè wọ ẹ̀jẹ̀, ó ń di òkúta nínú kíndìnrín. Òkúta kan lọ, òmíràn ń bọ̀. Ẹ bọ ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ kí ẹ da omi rẹ̀ nù, ẹ dín ẹ̀pà kù, ẹ fi edé tàbí ẹja kékeré tí a ń jẹ teegunteegun sínú ọbẹ̀ nítorí káṣíọ́mù. Kó mu omi títí ìtọ̀ rẹ̀ yóò fi mọ́.

* * *

Bàbá Gẹ̀dú:

Mo gbà, ẹ̀rù kọ́ ló ń bà á. Ìgbà wo ló wá lè gbé nǹkan wúwo? Iṣẹ́ wa kò mọ aláìsàn.

* * *

Nọ́ọ̀sì Tíátà:

Bó bá jẹ́ ihò kéékèèké àti kámẹ́rà ni wọ́n fi yọ àpò náà, ọ̀sẹ̀ 2 sábà máa ń tó fún iṣẹ́ fúyẹ́. Bí wọ́n bá la abẹ́ ìhà ọ̀tún, èyí tó wọ́pọ̀ fún ẹni tí wọ́n ti la ikùn rẹ̀ rí, nítorí ìfun ti lẹ̀ mọ́ ara wọn nínú, ọ̀sẹ̀ 6 ni kó fi yàgò fún ẹrù. Kẹ́ẹ̀gì omi lítà 25, kílò 25 ni. Àbúrò Ìyá Ìbejì ti kọjá ìyẹn, ṣùgbọ́n ojú ọgbẹ́ tó bá ń wú síta nígbà tó bá wúkọ́, kí dókítà wò ó kó tó gbé ohunkóhun.

Ìfun tó lẹ̀ mọ́ra yẹn kì í tán. Nígbàkígbà láyé rẹ̀, bí inú bá ń lọ́ ọ léraléra, tí ikùn wú, tó ń bì, pàápàá bí èébì bá dúdú bí ewé, tí kò yàgbẹ́ tí kò sì só, kó má gba oògùn inú rírun, kó má jẹ, kó má mu, kí ẹ gbé e lọ sí ọsibítù lóru yẹn. Bí ojú bá pọ́n ju bó ṣe máa ń rí lọ, tí ìtọ̀ dúdú, tí ìgbẹ́ funfun bí eérú, tàbí tí òtútù àti ibà dé pẹ̀lú ìrora ìhà ọ̀tún, òkúta lè ti ṣẹ́kù sójú ọ̀nà òróòro. Ojú SS a máa pọ́n tẹ́lẹ̀, àwọ̀ ìgbẹ́ ni kí ẹ máa wò.

* * *

Ìyá Ìbejì:

Ọjọ́ Tuesday la ń lọ. Kí ni ká mú dání?

* * *

Apòògùn:

Ìwé sẹ̀ǹtímítà 55 yẹn, àti ọ̀rá gbogbo oògùn tó ti lò láti oṣù 7, títí kan ti taifọ́ìdì. Kó kọ ọjọ́ 5 sílẹ̀: ohun tó jẹ, aago tó jẹ ẹ́, ìgbà tó yàgbẹ́, àwọ̀ rẹ̀, bóyá ó léfòó. Ẹ béèrè B12, pótásíọ́mù àti mágíníṣíọ́mù, àyẹ̀wò ẹ̀dọ̀, ìgbẹ́, àti síkáànì ọ̀nà òróòro. Títí di Tuesday, omi lásán ni kó fi máa fọ ìdí, kó má fi ọṣẹ kan án, kó sì fi Vaseline pa á kó tó jẹun.

* * *

Ìyá Ìbejì:

Kó tó jẹun? Kì í ṣe lẹ́yìn ìgbẹ́?

* * *

Apòògùn:

Kó tó jẹun. Ẹ̀yin náà lẹ sọ pé kì í fọwọ́ tán.